Bí ẹ ṣe máa ti Munich dé adágún Tegernsee láìjókòó sí apá ọkọ̀ tí kò tọ́

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Munich, àtàwọn tó wá kí wa láti ilé tàbí láti London, ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n tí wọ́n bá kọ́kọ́ fẹ́ lọ wo adágún Tegernsee. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dé ibùdókọ̀ lásìkò, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kọ Tegernsee sí lórí pátákó, ọkàn wọn á balẹ̀. Kó tó di wákàtí kan, wọ́n á bá ara wọn ní Bad Tölz tàbí ní Miesbach, wọ́n á máa wá adágún, wọn ò ní rí i. Wọn ò ṣi ọkọ̀ wọ̀. Apá ọkọ̀ ni wọ́n ṣì wọ̀. Ọkọ̀ tó ń ti Munich lọ sí ẹsẹ̀ òkè Alps lápá ibẹ̀ máa ń pín sí mẹ́ta lójú ọ̀nà, apá kọ̀ọ̀kan á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Màmá ìyàwó mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí omi àti òkè kí wọ́n tó padà sílé. Àpò oúnjẹ wúwo lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ ń dun Màmá, ilẹ̀kùn tó sún mọ́ wa jù la bá wọlé. A sọ̀ ní Bad Tölz. Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, adágún ọ̀hún dà?" Mi ò rí èsì kankan fún wọn. Ó lé ní wákàtí kan tá a fi padà sẹ́yìn, òjò sì ti ṣú nígbà tá a débẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí ohun tí ì bá gbà wá lọ́wọ́ ìnira yẹn ò ju kíka ọ̀rọ̀ kan lára ọkọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Tíkẹ́ẹ̀tì tó dé Tegernsee (mo máa sọ èyí tó yẹ yín nísàlẹ̀). Páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí pé orúkọ máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tá a sábà máa ń lò. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, pẹ̀lú áàpù DB Navigator (ti rélùwéè Jámánì) tàbí ti MVV (ti ọkọ̀ èrò Munich) lórí rẹ̀. Owó bébà díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi ní Jámánì ni wọ́n ti ń gba káàdì. Oúnjẹ àti omi, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú, torí pé ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́jọ́ náà ní Bavaria, ìpínlẹ̀ tí Munich wà.

Ẹ mú aṣọ òtútù dání, bó ti wù kí oòrùn mú tó ní Munich. Munich ga tó nǹkan bíi mítà 520 sókè òkun. Adágún Tegernsee ga tó 725, òkè sì yí i ká. Atẹ́gùn tó ń ti orí omi wá ní ìrọ̀lẹ́ máa ń mú àgbàlagbà àti ọmọdé gan-an.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ìrìn àjò yín mu

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tó mọ́gbọ́n dání.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé Jámánì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ní Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù tó kan ọkọ̀ èrò káàkiri Jámánì. Owó rẹ̀ jẹ́ euro 63 lóṣù láti January 2026. Ó gbé yín lọ, ó gbé yín bọ̀, ó sì tún kan bọ́ọ̀sì tó yí adágún ká. Kò kan ọkọ̀ ojú omi. Àlejò náà lè rà á, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù, owó á sì máa jáde ní báńkì títí ẹ ó fi fagi lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó parí lópin oṣù, ẹ fagi lé e kí ọjọ́ 10 oṣù náà tó kọjá. Mo mọ àlejò tó ti padà sílé tán kó tó rí i pé owó ṣì ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá pọ̀, Bayern-Ticket, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún gbogbo Bavaria, ló dáa jù. Ó lè gbé èèyàn 1 títí dé 5, ẹ ó sì pín owó rẹ̀ láàárín ara yín. Láàárín ọ̀sẹ̀, aago 9 àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì ṣiṣẹ́ títí di aago 3 òru. Ní Sátidé, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi gbogbo gbòò, láti ọ̀gànjọ́ òru ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni tíkẹ́ẹ̀tì MVV, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ èrò ní Munich àti agbègbè rẹ̀. Agbègbè Tegernsee ti wà lábẹ́ wọn báyìí. Ẹni tó bá ń dá lọ tó sì ń dá bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lè fi tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan wọn wé Bayern-Ticket, kó ra èyí tó dínwó. Ẹ tẹ Tegernsee sínú áàpù tàbí ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kó fúnra rẹ̀ ka ìpele tó yẹ fún yín. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ibi mẹ́ta làwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ sára Bayern-Ticket tí wọ́n gbà lórí bébà, orúkọ gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á wọ ọkọ̀ aago 8:30 lọ́jọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú èrò pé ó máa kọjá aago 9 kí wọ́n tó débẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n á sì ra tíkẹ́ẹ̀tì MVV oníbébà láìlù ú ní òǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Euro 60 ni owó ìtanràn ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò bá pé, "mi ò mọ̀" kì í sì í gba èèyàn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́: kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ, ẹ wo déètì, ẹ wo orúkọ, ẹ wo òǹtẹ̀. Tó bá jẹ́ inú fóònù ló wà, ẹ ṣí i wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kó má lọ jẹ́ pé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò ti dáa lẹ ti máa wá a.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ọjọ́ àti wákàtí

Ọkọ̀ máa ń lọ ní nǹkan bíi wákàtí kọ̀ọ̀kan, nígbà míì ó tún máa ń yá jù bẹ́ẹ̀. Ìrìn náà ò ju nǹkan bíi wákàtí kan. Tí oòrùn bá yọ ní Sátidé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo Munich ló ń lọ sí òkè, ọkọ̀ á kún dé ẹnu ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹ gbéra kí aago 8 tó lù, tàbí kẹ́ ẹ mú ọjọ́ iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń gùn ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un ò tó nǹkan.

Àwọn kan á ní ká gbé mọ́tò lọ. Nǹkan bíi kìlómítà 50 péré ni lóòótọ́: ẹ ó gba A8, ẹ ó yà ní Holzkirchen, ẹ ó gba B318 dé Gmund. Àmọ́ gbogbo mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ ló ń wọ́ jọ sójú ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn lópin ọ̀sẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí náà sì ṣòro rí. Rélùwéè ni mo fara mọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́: ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ tẹ "München Hbf" (ibùdókọ̀ ńlá Munich) sí "Tegernsee" nínú áàpù. Tẹ́ ẹ bá rí "fällt aus", wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí "Ersatzverkehr", bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rọ́pò rélùwéè ní apá kan ọ̀nà náà, ó sì máa pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tún un wò láàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra

Ibùdókọ̀ ńlá Munich, Hauptbahnhof, fẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ìkọ́lé sì ń lọ níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lóṣù tó kọjá lè ti di títì báyìí. Gleis ni wọ́n ń pe ojú irin kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ àárín ibùdó ńlá náà lẹ dúró sí, ẹ ò ní rí ọkọ̀ Tegernsee níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àríwá ló ti máa ń gbéra, lápá ojú ọ̀nà Arnulfstraße, níbi tí wọ́n ń pè ní Starnberger Flügelbahnhof, láàárín Gleis 27 sí 36.

Ẹ fiyè sí èyí. Apá mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù tó ń jẹ́ Holzkirchner Flügelbahnhof. Ẹni tó bá ti ka ìwé ìrìn àjò á ti mọ̀ pé Holzkirchen wà lójú ọ̀nà Tegernsee, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì gbé e lọ síbẹ̀. Orúkọ lásán ni. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Holzkirchen àti Tegernsee kì í gbéra níbẹ̀. Láti apá kan dé ìkejì, ìrìn náà jìn fún ẹni tó ń fa ẹrù, ọ̀pọ̀ ló sì ti pàdánù ọkọ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Kì í ṣe torí kẹ́ ẹ má pàdánù ọkọ̀ nìkan, torí ìgbésẹ̀ tó kàn ni.

Ọkọ̀ yìí tún máa ń dúró ní Donnersbergerbrücke àti Harras láàárín ìlú. Tilé yín bá sún mọ́ ibẹ̀, ẹ lè wọ̀ ọ́ níbẹ̀, àmọ́ mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Kì í dúró pẹ́ níbẹ̀, ẹ ò ní ráyè ka ara ọkọ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́: lórí pátákó tó wà lókè Gleis, ẹ máa rí Tegernsee pẹ̀lú Lenggries àti Bayrischzell. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, Gleis tó tọ́ lẹ wà. Ẹ má tíì wọlé o.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan apá ọkọ̀ tó ń lọ sí Tegernsee

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tẹ́ ẹ rí lójú yín jọ ọkọ̀ kan gígùn. Ọkọ̀ mẹ́ta ni, wọ́n fi ìkọ́ so wọ́n pọ̀, ẹ̀yìn ọ̀kan mọ́ iwájú èkejì. Tẹ́ ẹ bá wo ibi tí wọ́n ti so pọ̀, ẹ máa rí i pé imú méjì ló kojú síra, pẹ̀lú gíláàsì awakọ̀ lápá méjèèjì, láìsí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Torí náà, ẹni tó bá jókòó sí apá tí kò tọ́ ò lè dìde lójú ọ̀nà kó rìn lọ sí apá tó tọ́. Àfi kó sọ̀, kó sáré lórí ibùdó, kó tún wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń pín nìyí. Gbogbo wọn á jọ dé Holzkirchen. Níbẹ̀, apá tó ń lọ sí Bayrischzell á já kúrò, á gba Miesbach àti Schliersee lọ. Apá méjì tó kù á jọ lọ dé Schaftlach. Níbẹ̀ ni wọ́n á tún ti pínyà: ọ̀kan sí Bad Tölz àti Lenggries, ìkejì sí Gmund àti Tegernsee. Ẹni tó bá sùn lójú ọ̀nà ò ní mọ̀ nígbà tí wọ́n ń já.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lára apá kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ oníná kan wà tó ń sọ ibi tó ń lọ. Ẹ wá èyí tó kọ Tegernsee nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ilẹ̀kùn, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ tún wo ojú àwòrán tó wà nínú ọkọ̀ lókè. Orúkọ kan náà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ pé "apá iwájú ni" tàbí "apá ẹ̀yìn ni". Ohun tó rí lọ́jọ́ tirẹ̀ ló sọ. Wọ́n lè tò ó lọ́nà mìíràn lónìí, nígbà míì sì rèé, kì í ṣe apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń wà níbẹ̀. Ara ọkọ̀ tó wà níwájú yín nìkan ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ẹ má sì tẹ̀ lé èrò. Àwọn tó gbé igi ìrìn òkè dání tí wọ́n ń rọ́ wọlé lápá kan lè jẹ́ pé Lenggries tàbí Bayrischzell ni wọ́n ń lọ. Òkè pọ̀ lọ́hùn-ún náà. Bí àyè ìjókòó ò bá sí ní apá Tegernsee, ẹ dúró níbẹ̀. Ó sàn kéèyàn dúró fún wákàtí kan ju kó jókòó pẹ̀sẹ̀ lọ sí ibòmíì. Tẹ́ ẹ bá mú àgbàlagbà dání, ẹ sọ fún ọ̀dọ́ kan pé kó jọ̀ọ́ kó dìde fún wọn. Wọ́n máa ń dìde.

Ọ̀rọ̀ Jámánì díẹ̀ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa ń sọ: "Zugteil" ni apá ọkọ̀. "Vorderer Zugteil" ni apá iwájú, "hinterer Zugteil" ni apá ẹ̀yìn, "mittlerer" ni ti àárín. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú Tegernsee, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ yíjú sí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì bi í pé: "Fährt dieser Zugteil nach Tegernsee?" Ẹ lè pè é báyìí: "Féàt dísà tsúgtáìl náàk Téégàn-séè?" Ara Bavaria lè má rẹ́rìn-ín sí yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá béèrè, á dá yín lóhùn tọkàntọkàn, ó sì ṣeé ṣe kó dìde kó fi ọwọ́ júwe rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́: ẹ̀rí méjì lẹ gbọ́dọ̀ ní kí ọkọ̀ tó gbéra, ti ara ọkọ̀ lóde àti ti ojú àwòrán nínú. Tí ọ̀kan bá ta ko ìkejì, ẹ sọ̀ kẹ́ ẹ béèrè. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ ka ara yín. Mo ti rí ìdílé kan tí bàbá wà ní apá kan, tí ìyá àtàwọn ọmọ sì wà ní apá kejì, tí wọ́n ń juwọ́ síra láti ojú fèrèsé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ la ojú yín ní Holzkirchen àti Schaftlach

Láti Munich dé Holzkirchen, kò sí wàhálà, ẹ lè jẹun, ẹ lè sinmi. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní Holzkirchen, kí ẹnì kan nínú yín wà lójúfò. Ó lè dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ lè gbọ́ ìró "gbà" tí ara ọkọ̀ á sì mì díẹ̀. Kì í ṣe ìjàǹbá, wọ́n ń já apá kan kúrò ni.

Orúkọ ibùdó tó bá tẹ̀ lé e ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún yín. Lẹ́yìn Holzkirchen, tẹ́ ẹ bá rí Warngau, ẹ wà lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ Darching lẹ rí, apá Bayrischzell lẹ wà. Lẹ́yìn Schaftlach, Moosrain ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kó tó wá kan Gmund. Tó bá jẹ́ Reichersbeuern, Lenggries ni wọ́n ń gbé yín lọ. Ẹ kọ orúkọ mẹ́rin yìí sínú fóònù yín.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣìnà, ẹ má bínú síra yín, ẹ má sì bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó kékeré tí kò ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ apá Lenggries lẹ wà, ẹ ní sùúrù dé Bad Tölz. Ìlú gidi ni, ibi ìjókòó wà, ilé oúnjẹ wà. Ẹ wọ ọkọ̀ tó ń padà sí Munich, kẹ́ ẹ sọ̀ ní Schaftlach, kẹ́ ẹ sì dúró de èyí tó ń lọ sí Tegernsee. Tó bá jẹ́ apá Bayrischzell, ẹ lè sọ̀ ní Miesbach kẹ́ ẹ padà sí Holzkirchen. Tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú dé Schliersee. Adágún wà níbẹ̀ náà, ó kéré ju Tegernsee lọ, ó sì tutù lójú. Ibùdókọ̀ ò jìnnà sí omi. Tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ kó dání tí wọ́n ti ń sunkún, Schliersee ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ fi Tegernsee sí ọjọ́ míì.

Ohun kan tún wà: tí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀ tààrà láti Hauptbahnhof, S3, ọ̀kan lára ọkọ̀ ojú irin S-Bahn ti ìlú Munich, máa ń lọ sí Holzkirchen. Ó lọ́ra díẹ̀, àmọ́ ó ń débẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ Tegernsee ní Holzkirchen. Gbogbo ohun tí mo sọ ní ìgbésẹ̀ 4 lẹ tún máa ṣe níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ń kánjú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́: lẹ́yìn Gmund, ẹ wo fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín igi àti òrùlé ilé, díẹ̀díẹ̀, á wá là gbalaja. Nígbà tí mo tún mú Màmá lọ, ibi fèrèsé yẹn ni mo fi wọ́n jókòó sí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu gíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń nù ún tí ìdọ̀tí sì wà níta, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Òun nìyí."

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yan ibi tẹ́ ẹ máa sọ̀

Ibùdó rélùwéè méjì péré ló wà létí adágún náà: Gmund ní òpin àríwá, Tegernsee ní etí ìlà oòrùn. Rottach-Egern ò ní rélùwéè, Bad Wiessee ò ní, Kreuth ò ní. Ẹni tó bá ń wá "ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bad Wiessee" nínú áàpù ń da ara rẹ̀ láàmú, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀.

Ẹ sọ̀ ní Gmund tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Höhenweg, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè láti Gmund dé ìlú Tegernsee, adágún á sì wà nísàlẹ̀ yín lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ń gòkè ó ń sọ̀, kò yẹ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ. Odò Mangfall, tí omi adágún ń gbà jáde, ń ṣàn kọjá ní Gmund.

Ẹ sọ̀ ní Tegernsee, tí í ṣe òpin ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti ibùdó dé etí omi, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni. Ẹ rántí pé ẹ máa gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn padà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Ilé ńlá funfun tẹ́ ẹ máa rí létí omi ni Schloss Tegernsee, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn nígbà kan. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ọtí tó lórúkọ ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sọdá adágún

Adágún náà gùn tó kìlómítà 6.5, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ sì tó mítà 72. Ọkọ̀ ojú omi ń so Tegernsee, Rottach-Egern, Bad Wiessee àti Gmund pọ̀, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Deutschlandticket ò wúlò níbẹ̀, Bayern-Ticket náà ò kàn án. Ẹ ka àkókò ìgbéra lára pátákó tó wà létí omi kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, nítorí ó ń yí padà bí ìgbà ṣe ń yí, kì í sì í pọ̀ nígbà òtútù.

Láàárín Tegernsee àti Egern, níbi tí omi ti tóóró, ọkọ̀ kékeré kan wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹnì kan ń fi àjẹ̀ wà. Kò sí ẹ́ńjìnnì, ìró àjẹ̀ nínú omi nìkan lẹ ó máa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá bá a pàdé, ẹ wọ̀ ọ́.

Àwọn tó bá fẹ́ yá ọkọ̀ wà fúnra wọn, ẹ gbọ́: iná aláwọ̀ ọsàn wà létí adágún fún ìkìlọ̀ ìjì. Tó bá ń ṣẹ́jú ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ máa bọ̀ létí omi. Tó bá ń ṣẹ́jú ní ìgbà 90, ìjì ti dé tán, ẹ kúrò lórí omi lójú ẹsẹ̀. Òkè lè mú kí ojú ọjọ́ yí padà kíákíá. Omi náà tún tutù ju bó ṣe rí lójú lọ, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń jìn lójijì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá wọ̀ ọ́. 112 ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè tí ewu bá dé.

Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra níwájú ibùdó Tegernsee. Ẹ lè bá a dé Rottach-Egern, kẹ́ ẹ sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ orí wáyà gòkè Wallberg, tó ga tó mítà 1,722.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ padà sílé

Lọ́nà ìpadàbọ̀, apá ọkọ̀ ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, torí pé Munich ni gbogbo wọn ń lọ. Àkókò ló wá ṣe pàtàkì. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ibùdó Tegernsee láàárọ̀, ẹ ya fọ́tò ìwé àkókò tó wà lára ògiri, kẹ́ ẹ yan ọkọ̀ méjì: èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e bí àkọ́kọ́ bá kún. Ẹ má fi ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn ṣe ohun tẹ́ ẹ gbójú lé. Ojú irin kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Schaftlach àti Tegernsee, torí náà tí ọkọ̀ kan bá pẹ́, èyí tó ń bọ̀ lódì kejì gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Tẹ́ ẹ bá sọdá sí Bad Wiessee tàbí Rottach-Egern, ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún àkókò tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa fi padà dé ibùdó. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de rélùwéè, rélùwéè náà kì í dúró dè é.

Ní Schaftlach, ọkọ̀ yín á dúró de apá tó ń ti Lenggries bọ̀. Ẹ máa gbọ́ ìró "gbà" yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má dìde, ẹ má kó ẹrù, wọ́n ń so wọ́n pọ̀ ni. Ohun kan náà lè tún ṣẹlẹ̀ ní Holzkirchen. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn. Tẹ́ ẹ bá rí Donnersbergerbrücke, ẹ jí wọn. Ibùdó tó kàn ni Hauptbahnhof.